Ọwọ́ Méjì Ló Kọ Orúkọ Mi

Sweetgum,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Tawanna ọmọ mi,

Bí mo bá ti gbé ìkòkò kọfí kúrò lórí iná láàárọ̀, n kì í tíì mu ún. Màá kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu rọ́bà orí tábìlì, màá fi gbígbẹ tẹ̀ lé e, nítorí ìwé kò fẹ́ omi rárá. Màá fa àga bàbá rẹ, kì í ṣe tèmi, nítorí tirẹ̀ ló kọjú sí fèrèsé. Ọ̀bẹ kékeré tó fi máa ń gbẹ́ igi ni mo fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù. Màá gbẹ́ ẹ sórí páálí kí èérún rẹ̀ má baà kún ilẹ̀, màá wá fẹ́ ẹ lẹ́nu pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń fẹ́ iná. Lẹ́yìn náà ni màá kọ orúkọ mi. A ńlá á ṣe bí òrùlé ilé, l á dúró bí igi páìnì, màá fi igi dábùú t, màá sì fa ìrù a tó kẹ́yìn kó gùn díẹ̀ kó tẹ̀ sókè, bí ìrù ológbò tí inú rẹ̀ dùn. Pruitt náà á tẹ̀ lé e. Màá kọ ọ́ títí ọwọ́ mi á fi gbóná, nígbà yẹn kọfí á ti tutù débi tí eyín mi lè gbà á. Bí mo ṣe ń jí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, kì í ṣe Arábìnrin Mabry tó máa ń bá mi kọ ọ́. Bí o bá rí àṣìṣe, tèmi ni, má dì í rù ú.

Mo kí ọ, ọmọ mi. Mi ò ní kí ọ pẹ́ lónìí, nítorí ìkíni ti ṣe mí ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ fún ọ, wàá rí i níwájú. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Ṣikágò kò mú ọ lẹ́sẹ̀? Ṣé àwọn aláìsàn tí o ń tọ́jú ní ọsibítù ń gbàdúrà fún ọ bó ṣe yẹ? Mo kí ọkọ rẹ Dorsey, mo kí ìyá rẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ, mo kí onílé yín, mo kí obìnrin òkè àjà tó máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, mo kí pásítọ̀ yín tí mi ò tíì rí. Ọlọ́run tó ń mú ọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó tún ń mú ọ sọ̀ kò ní sùn. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́ kò ní wo ojú rẹ kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́ rí. Àmín. Ṣé o rí i, mo ti tún fà á gùn.

Ilé wà bó ṣe wà. Igi písì ti tanná, òtútù tó ti dágbére sì tún padà wá, ó pa ìdajì òdòdó rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ Díákónì Mabry já wọ inú ẹ̀fọ́ mi. Mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, Díákónì ní ẹlẹ́dẹ̀ náà kò tíì ṣèrìbọmi, kí n má retí ìwà ọmọlúàbí lọ́wọ́ rẹ̀. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò sórí àwọn akọrin. Wọ́n ní kí wọ́n sún, wọ́n kọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyá àwọn jókòó sí, abẹ́ agboòrùn ni wọ́n ti ń kọrin báyìí.

Mo dúpẹ́ fún fóònù tí o rà fún mi, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ pọ̀. O ní kí n máa gbé ojú mi síwájú rẹ̀ kó lè ṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ, mo dé fìlà funfun mi, mo kun ètè, mo ní ojú tó dára jù tí mo ní nìyí, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó kọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ó kọ̀. Mo bọ́ fìlà, mo nu ètè, mo yọ awò ojú, mo wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ló bá ṣí wẹ́rẹ́. Mo sọ fún un pé kò fẹ́ràn ẹni tó bá gbìyànjú. Mi ò mọ̀ pé ìjọba náà ní irú rẹ̀.

Ní báńkì ṣá, wọn kò bá mi jà. Ọmọbìnrin inú fèrèsé rí bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi báyìí, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó, ó ní Mísì Arletha, ṣé yunifásítì lẹ lọ ni. Mo bi í bóyá owó tí bàbá rẹ fi síbẹ̀ ṣì wà nínú àpótí tó fi í sí. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ló wà. Mo ní kó bá mi ṣọ́ ọ kí òjò má wọ̀ ọ́. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, mo rò pé bí inú gbogbo ayé ṣe máa dùn sí mi nìyẹn.

Ní ti ẹ̀kọ́ náà, inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkówèésí ìlú la ti ń ṣe é. Èmi ni mo dé gbẹ̀yìn. Àwọn yòókù ti jọ wà láti ìgbà ìkórè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rántí tí wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín, èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, màá di àpò mi mú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wíwò ni mò ń wò. Mo rí i pé obìnrin iwájú mi máa ń fọwọ́ bo ìwé rẹ̀ bí ẹni bo oúnjẹ mọ́ ajá lójú. Mo rí i pé olùkọ́ wa, Mísì Quintella, tó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò gbà á. Ó ku díẹ̀ ló máa ń sọ, á sì máa jẹ ìdí pẹ́ńsùlù rẹ̀ bí ẹni jẹ àgbàdo. Lọ́jọ́ tó rí orúkọ mi tó jáde dáadáa, kò sọ pé ó ku díẹ̀. Ó ní Màmá, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sun oorun.

O mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó wà ní Sweetgum níbí la ti máa ń dìbò. Wọ́n tì í lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní èèyàn wa kò pọ̀ tó, wọ́n gbé ibùdó ìdìbò wa lọ sí ilé ẹjọ́ lódìkejì odò. Orúnkún mi kò lè dúró lórí ìlà níbẹ̀, mo bá ní kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí mi nílé. Nígbà tó dé, mo pa rédíò. Mo ka gbogbo orúkọ inú rẹ̀ fúnra mi, Tawanna. Bàbá rẹ ló máa ń kà á fún mi, nígbà tó kú, Arábìnrin Mabry gbà á ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí mo dìbò fún àfi èmi àti Ọlọ́run. Mo tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn kí adìyẹ má wọlé wá wò ó.

Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù lẹ́yìn àpò ìwé náà, mo kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ láàárọ̀, tìrùtìrù ológbò. Mi ò tíì kọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Arábìnrin Mabry àti ọkọ rẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí. Díákónì wò ó títí, ó ní bó bá ṣe pé òun ni wọ́n dìbò fún, àpò ìwé yẹn lòun máa gbé kọ́ ara ògiri, òun á da ìbò inú rẹ̀ nù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Lẹ́yìn tí ìdìbò ti kọjá, tí wọ́n ti kà á tán, ìwé kan dé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba lórí. Mo rí orúkọ mi nínú rẹ̀, mo rí ìbuwọ́lùwé nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù gùn jù fún mi. Mo rò ó, mo ní kí ló lè mú ìjọba jókòó kó kọ ìwé nípa ìbuwọ́lùwé èmi Arletha? Mo ní wọ́n ti rí i nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni. Mo wọ aṣọ búlúù mi, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Èmi tí mi ò la ẹnu rí níbẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo ní kí Mísì Quintella jọ̀ọ́ bá mi kà á sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ka ìlà méjì, ohùn rẹ̀ rọ. Ó kà á dé òpin nítorí mo ti bẹ̀ ẹ́ níwájú èèyàn, kò mọ bí ó ṣe máa dúró. Ìwé náà ní ọwọ́ tó wà lẹ́yìn àpò ìwé mi kò jọ èyí tó wà nílé lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì ka ìbò mi mọ́ ti ẹlòmíràn. Obìnrin tó máa ń fọwọ́ bo ìwé rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísì Quintella, mo ká ìwé mi, mo jókòó. Ìdí pẹ́ńsùlù rẹ̀ ti já sí i lẹ́nu.

Díákónì gbé mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú; àwòrán ọmọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ikun ń yọ nímú ọmọ náà nínú àwòrán. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Tawanna, mo rí ọwọ́ bàbá rẹ. Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, o kò tíì lè jókòó, èmi kò sì mọ ìwé rárá. Wọ́n ní kí n fi igi méjì dábùú ara wọn, ó ti tó. Ozell bàbá rẹ ní rárá, ó ní ìyàwó òun kò ní wọ inú ìwé ìjọba bí àmì tí wọ́n ń fi sára àpò òwú. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, a jọ kọ ọ́. Òun ń tì í síwájú, èmi ń fà á sẹ́yìn nítorí ojú ń tì mí. Ó wá wọ́ bí ọ̀nà oko. P tóbi ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pa á. Mo rí gbogbo rẹ̀ nínú dígí yẹn, mo rí ibi tó ti rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún akọ̀wé náà pé èèyàn méjì ló kọ èyí, ẹnìkan ló dúró níwájú rẹ, ẹnìkejì wà ní itẹ́ òkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, kọ̀ǹpútà ló fi wọ́n wéra. Mo ní kó bá mi pe kọ̀ǹpútà náà kí n sọ tẹnu mi fún un. Ó ní kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, ta ló wá fi í jẹ adájọ́? Ó wo àwòrán ọmọ rẹ̀. Ó ní mo lè fi ọwọ́ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ìwé orúkọ dé títí àtúndì ìbò tó ń bọ̀ á fi kọjá, nítorí kò sí ẹni tó wọlé tààrà nínú ti àkọ́kọ́. Mo bi í pé kí wọ́n tó da tèmi nù, ṣé kò sí ẹni tó lè pè mí kó ní Arletha, ṣé ìwọ ni? Ó ní òfin kò sọ pé kí àwọn pe ẹnikẹ́ni.

Òfin yẹn gan-an ni Aṣòfin Hargrove fẹ́ yí padà, obìnrin tó ń ṣojú àgbègbè wa. Àbá òfin tó gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀ wa ní wọn kò gbọdọ̀ da ìbò ẹnikẹ́ni nù láì pè é, kí wọ́n fún un láyè kó wá sọ pé èmi ni. Ó tún ní wọn kò gbọdọ̀ gbé ibùdó ìdìbò kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn láì bi wọ́n. Ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní àwọn tó lòdì sí i ń sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Màmá Arletha, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ní ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa fún mi. Mo ní ìyẹn pọ̀ jù fún èmi onítìjú.

Mo yan páì ọ̀dùnkún fún alága ìgbìmọ̀ náà, nítorí a kì í fi ọwọ́ òfo lọ bẹ àgbà. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní kí n gbé e gba inú àpótí kan tó ń wo inú ẹrù. Mo dúró lódìkejì, mo bi í bóyá ó jinná dénú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó jinná, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Páì bá dúró tì í.

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dìde, iná kékeré kan tàn níwájú mi, aláwọ̀ ewé. Mo rò pé wọ́n fi ń kí mi káàbọ̀ ni, bí iná Kérésìmesì. O mọ bí a ṣe ń jẹ́rìí nílé wa. Ẹnikẹ́ni kì í dìde kó kàn máa sọ tara rẹ̀ bí ẹni tí a kò kọ́. Mo kọ́kọ́ fi ọlá fún Ọlọ́run tó jẹ́ olórí ayé mi. Mo fi ọlá fún alága. Mo fi ọlá fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lápá ọ̀tún, mo yíjú, mo fi fún àwọn ti apá òsì kí wọ́n má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Mo fi ọlá fún akọ̀wé tó ń tẹ̀wé, fún ọlọ́pàá tó ń bá mi ṣọ́ páì, fún Pásítọ̀ Tolliver tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò lè wá, fún àwọn díákónì, fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, fún àwọn àlejò, fún gbogbo ẹni mímọ́ àti ọ̀rẹ́. Iná di àwọ̀ ìyeyè. Inú mi dùn sí i, mo ní ẹ ṣeun. Mo wá dárúkọ bàbá rẹ, nítorí kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ọlá fún un. Bí mo ṣe ní ohun tó gbé mi wá ni pé, iná pọ́n. Alága ní ẹ ṣeun mà, àkókò yín ti tán. Mo ní ẹ ṣeun sà. Mo jókòó. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó mọ̀ pé mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọkùnrin tó tẹ̀ lé mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ìgbà tí ariwo òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun kò tíì rí ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n da ìbò rẹ̀ nù láìṣẹ̀. Ó ní bí irú rẹ̀ bá wà, kí wọ́n fi ẹnìkan péré han òun. Tawanna, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí òógùn lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Arábìnrin Mabry fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní Arletha, dìde, dìde kí o ní èmi rèé. Mi ò dìde. Wọ́n ti ní àkókò mi tán. Mo fa fìlà mi wálẹ̀ díẹ̀ kó bo ojú mi, fìlà tí fóònù kò fẹ́ yẹn.

Ìgbìmọ̀ náà wá dìbò. Ọwọ́ ni wọ́n nà sókè, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ wọn wé ti àtijọ́. Wọ́n gbé àbá òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ó di ọdún mìíràn. Ó pẹ́ kí Aṣòfin Hargrove tó kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Ó dì mọ́ mi.

Nínú ọkọ̀, Díákónì ní kí n má banú jẹ́, ó ní bí a kò tilẹ̀ rí òfin gbà, a ti sọ alága di ẹni ọlá. Ìyàwó rẹ̀ gbá a lórí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé afárá ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́, a sì jẹ páì alága lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí a ti ń dúró de ẹni tó máa fà wá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ní Sweetgum kò bú mi. Wọ́n ń kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá sàn.

Mi ò padà sí kíláàsì. Mísì Quintella ránṣẹ́ sí mi, mo ní orúnkún ni. Kì í ṣe orúnkún. Kí ni mo fẹ́ lọ kọ́? Bí ọwọ́ mi ṣe ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni mò ń di àlejò sí i lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mi ò mọ̀wé, wọ́n mọ̀ mí.

Ìwé ìdìbò ti àtúndì ti dé. Ó wà lórí tábìlì níbí, mo fi ike iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò lè dúró de ọdún mìíràn wọn. Díákónì ní òun lè bá mi gbé ọwọ́ òun lé tèmi bí Ozell ṣe ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dán an wò kó rí ohun tí ojú ń rí. Èmi náà ní rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ti sanra jù, ẹ̀rín rẹ̀ sì yàtọ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì Díákónì, nítorí ọ̀rọ̀ mi ló bà á jẹ́. Bí ọkọ̀ náà bá ń ṣiṣẹ́ kí ìdìbò ńlá oṣù kọkànlá tó dé, á gbé mi sọdá odò lọ fi ọwọ́ tuntun sílẹ̀, bí ọwọ́ tuntun bá ṣì wà lára mi nígbà náà. Fi sitámpù mọ́ ọn. Má fi owó náà sínú fóònù o, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ikùn rẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ mọ̀ níbi gbogbo. Bí o bá dé fìlà, á dá ọ mọ̀. Bí o bá bọ́ ọ, á dá ọ mọ̀. Bí ẹnu rẹ bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ á délé kí iná tó pọ́n. Ọmọ tìrẹ náà á kọ ìwé sí ọ, wàá sì mọ̀ pé òun ni.

Lọ́la, bí mo bá ti nu tábìlì tán, mi ò ní kọ orúkọ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Màá jókòó sórí àga bàbá rẹ, màá gbé ọwọ́ òsì mi lé ọwọ́ ọ̀tún, màá fi tì í síwájú bó ṣe tì í, màá sì máa fà á sẹ́yìn. Orí páálí ni màá ti kọ́kọ́ ṣe é, títí á fi wọ́ bó ṣe yẹ kó wọ́. Bí mo bá dé ibi P, màá gbìyànjú kí n rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Arletha Pruitt